Báńkì Wà Ní Òṣogbo, Àwa Wà Lókè Òkun: Ìbéèrè Àti Ìdáhùn

Bí ọmọ Òṣogbo méjì bá pàdé lókè òkun, kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn tó kan báńkì. Owó ilé tí ẹnì kan ń kọ́ sí Òkè-Báálẹ̀ há sínú àkáǹtì. Ẹlòmíràn ò rí owó oògùn ìyá rẹ̀ gbà jáde, bẹ́ẹ̀ owó ọ̀hún wà níbẹ̀, ó ń fojú ara rẹ̀ rí i lórí fóònù. Mo kó àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ohun kan ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ ká tó bẹ̀rẹ̀: ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kì í dúró ní báńkì. Èyí tí ẹ kọ sínú ìwé, tí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ gbà lọ́wọ́ yín, òun ni ẹ lè gbé dìde bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́.

Mo kọ̀wé sí báńkì mi, wọ́n ní kí n lọ sí ẹ̀ka tó sún mọ́ mi. Kí ni kí n ṣe?

Èsì yìí ló ń dunni jù nínú gbogbo rẹ̀, torí ẹni tó fi í ránṣẹ́ kò ka ìwé yín dé ibi tí ẹ ti sọ pé Saskatoon lẹ ń gbé. Ìdí kan wà ńbẹ̀ o. Òfin ní kí báńkì dá oníbàárà mọ̀ dájú kí wọ́n tó fọwọ́ kan àkáǹtì rẹ̀. Àwòrán àti ìbuwọ́lù tí ẹ fún wọn lọ́jọ́ tí ẹ ṣí àkáǹtì ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ ń ṣe àgùnbánirọ̀ lẹ ṣí i, ìbuwọ́lù ìgbà yẹn lè máà jọ ti ìsinsìnyí rárá.

Ìyá mi gbé ìwé mi lọ sí ẹ̀ka báńkì kan lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán nígbà kan. Ó jókòó sórí àga onírin láti àárọ̀ títí wọ́n fi lọ jẹun ọ̀sán. Nígbà tí ó kàn án, ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn káńtà gbé ìwé náà súnmọ́ kọ̀ǹpútà, ó wo ìbuwọ́lù mi, ó wo ti inú kọ̀ǹpútà, ó wá ní, "Màmá, kò bára mu. Ẹ ní kí wọ́n wá fúnra wọn." Kò béèrè pé níbo ni mo wà. Kò sì sọ pé bí notary public, ìyẹn lọ́yà tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, bá jẹ́rìí sí ìbuwọ́lù tuntun níbi tí mo wà, wọ́n lè gbé e yẹ̀ wò. Ìyá mi padà sílé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn: kì í ṣe pé wọ́n ní òfin, àmọ́ wọn kì í sọ ọ̀nà tó kù fún ẹni tí òfin ọ̀hún dí lọ́nà.

Nítorí náà, ẹ má fi èsì yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún kọ̀wé padà, ẹ sọ orílẹ̀-èdè tí ẹ wà, kí ẹ wá bi wọ́n ní ìbéèrè tí wọn ò lè fi "ẹ wá" dáhùn: ìwé wo lẹ fẹ́? Ta ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i, notary tàbí ẹ́ḿbásì? Ímeèlì wo ni kí n fi ránṣẹ́ sí, ta ni yóò sì gbà á? Kí ẹnì kan nílé yà sí ẹ̀ka tí ẹ ti ṣí àkáǹtì, kó gba orúkọ àti ímeèlì máníjà tàbí ti òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó àkáǹtì yín. Ìwé tó bá ní orúkọ ẹni tí a kọ ọ́ sí kì í tètè sọnù. Ní tèmi o, pípààrọ̀ àdírẹ́sì, gbígba àkọsílẹ̀ owó tó wọlé tó jáde, àti títi káàdì tó sọnù pa, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó yẹ kí èèyàn torí ẹ̀ wọ bàálù.

Líìnì Nàìjíríà mi ti kú, OTP, nọ́ńbà ìjẹ́rìí tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ò dé mọ́. Ṣé owó mi ti há nìyẹn?

Kò há, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ibí yìí ni wàhálà tó pọ̀ jù ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rò ó délẹ̀.

Ìlànà àjọ NCC, tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, ni pé bí líìnì bá wà fún 180 ọjọ́ tí ẹ kò fi ṣe ohun tó mówó wọlé fún ilé iṣẹ́ tó ni ín, wọ́n lè gbé e kúrò lórí ẹ̀rọ. Bí 180 ọjọ́ mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Ìyẹn ni pé kò ju bí ọdún kan lọ tí nọ́ńbà tí ẹ ti ń lò láti ilé ìwé fi lè di ti ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, tí àlẹ́ẹ̀tì báńkì yín yóò sì máa dún lórí fóònù rẹ̀. Láti òpin ọdún 2020 ni wọ́n sì ti ń béèrè pé kí a so líìnì mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ líìnì tí wọn ò so ni wọ́n ti tì.

Ẹni tí kò tíì rìnrìn àjò ló rọrùn fún jù. Kó ní kí wọ́n ṣí roaming, èyí tó ń jẹ́ kí líìnì ṣiṣẹ́ lókè òkun, sílẹ̀ fún un kó tó dé pápákọ̀ òfuurufú, kó fi owó sórí líìnì náà, kó sì máa fi tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí pe ìpè tí wọn yóò yọ owó lé lórí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín oṣù díẹ̀. Kó má gbọ́kàn lé àlẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé nìkan. Bí fóònù rẹ̀ bá gba eSIM, síìmù inú fóònù tí kò ní káàdì, ó lè gbé líìnì náà sórí rẹ̀, kí ti ibi tó ń lọ wà ní síìmù gidi.

Ọ̀pọ̀ wa ló fi síìmù sílẹ̀ fún àbúrò nílé. Mo mọ bó ṣe máa ń rí. Agogo mẹ́jọ alẹ́ lù ní Calgary nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ fẹ́ sanwó fún bíríkìlà. Agogo mẹ́ta òru ni ní Òṣogbo. OTP ti balẹ̀ sórí fóònù ọmọ ọlọ́mọ tó ń sùn. Ẹ pè é, kò gbé e. Ẹ tún pè é, ó jí, ó ń wá fóònù kejì lábẹ́ ìrọ̀rí, ó ka nọ́ńbà náà fún yín, ẹ tẹ̀ ẹ́, báńkì ní àkókò rẹ̀ ti kọjá. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbìyànjú títí, wọ́n á ti áàpù mọ́ yín lórí.

Ohun tó dára ju èyí ni token. Ọ̀pọ̀ báńkì ní in: àwọn kan ń fún èèyàn ní ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé nọ́ńbà jáde, ti àwọn mìíràn wà nínú áàpù wọn. Kò nílò síìmù rárá. Bí ẹ bá wálé fún ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ tàbí fún ọdún Iléyá, ẹ jẹ́ kó wà lára ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe, kí ìkíni àti àlejò tó gba gbogbo àyè lọ́wọ́ yín.

Bí líìnì bá ti bọ́ lọ́wọ́ yín pátápátá, ẹ kọ̀wé sí báńkì lónìí pé kí wọ́n yọ nọ́ńbà yẹn kúrò lára àkáǹtì. Ẹ rántí pé nọ́ńbà fóònù tó wà lára BVN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí gbogbo báńkì fi ń mọ oníbàárà, yàtọ̀ sí èyí tó wà lára àkáǹtì. Ẹ béèrè fún àtúnṣe méjèèjì.

Mi ò ní BVN. Ṣé dandan ni kí n wálé?

Rárá. Ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2014 ni Báńkì Àpapọ̀, CBN, gbé BVN jáde. Ẹni tó ti lọ ṣáájú ìgbà yẹn lè máà ní in lóòótọ́. Tẹ́lẹ̀, ó di kí èèyàn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba ìka ọwọ́ ní àwọn ìlú ńlá kan lókè òkun. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, CBN pẹ̀lú NIBSS, ilé iṣẹ́ tó so àwọn báńkì pọ̀, ṣí ojú òpó kan tí wọ́n pè ní Non-Resident BVN, kí ọmọ Nàìjíríà tó wà lẹ́yìn odi lè ṣe é láìwálé. Ti NIN ńkọ́? Àjọ NIMC, tó ń fúnni ní NIN, ní àwọn tó ń bá wọn ṣe é ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹ má ṣe gba ẹni tó bá ní òun á bá yín ṣe é "lábẹ́lẹ̀" gbọ́.

Owó ń wọlé sínú àkáǹtì mi, àmọ́ kò ṣeé yọ. Wọ́n ní PND ni.

PND ni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn àbájáde, wọ́n fi ti àbáwọlé sílẹ̀. Ó lè jẹ́ àṣẹ ilé ẹjọ́ tàbí ìwádìí ló fà á, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wa, àṣẹ tí CBN pa ní oṣù kejìlá ọdún 2023 ni: láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2024, kí wọ́n ti àkáǹtì tí kò ní BVN tàbí NIN. Ẹ jẹ́ kí báńkì kọ ìdí tí wọ́n fi tì í sínú ìwé fún yín. Bó bá jẹ́ ti BVN àti NIN, ẹ fún wọn ní méjèèjì, ó yẹ kó ṣí. Bí kò bá ṣí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orúkọ ni kò bára mu.

Orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù mi kì í ṣe èyí tó wà ní báńkì. Kí la fẹ́ ṣe sí i?

Ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ láàárín àwa ọmọ Òṣogbo, ìdí rẹ̀ ò sì ṣòro láti mọ̀. Ìlú Ọ̀ṣun nìlú wa. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló bí ọmọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀ṣúnbùnmi. Ìgbà tí ọmọ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó di Olúbùnmi. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀kan, báńkì ní èkejì. Ti ìgbéyàwó tún wà, àti ti àwọn tó fi orúkọ bàbá ṣáájú nínú ìwé kan, tí wọ́n fi sẹ́yìn nínú òmíràn. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé èèyàn kan náà ni. Ó ń wo lẹ́tà ni.

Ẹ yan orúkọ kan, kí ẹ sì tẹ̀lé e níbi gbogbo. Èyí tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù ni mo máa ń dá àbá rẹ̀, torí òun ni àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì ń rí. Ẹ kọ́kọ́ tún NIN ṣe, kí ẹ tó bọ́ sórí BVN, kí báńkì wá kẹ́yìn. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti báńkì, ẹ máa tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á béèrè ìwé ìbúra láti ilé ẹjọ́ àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn; fún ìyàwó ilé, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó. Ti ọjọ́ ìbí ló le jù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà kí a pa á dà lára BVN, NIMC sì ń gba ₦28,574 fún un láti ọdún 2025. Ẹ rí i pé ọjọ́ tí ẹ fẹ́ fi síbẹ̀ ni ìwé ìbí yín sọ.

Ṣé kí n kúkú fún ẹ̀gbọ́n mi ní káàdì ATM àti PIN?

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé gbogbo ayé ló ń ṣe é. Mo mọ̀ pé báńkì fúnra wọn ló ń tì wá débẹ̀, nígbà tí wọn ò fi ọ̀nà tó tọ́ hàn wá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí owó bá dín, ẹ kò ní ẹ̀rí kankan, torí báńkì á ní ẹ̀yin lẹ fi PIN yín léni lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n yín pàápàá ò ní ẹ̀rí tó lè fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ì báà jẹ́ pé símẹ́ǹtì àti ìrin ló ná gbogbo rẹ̀ lé. Mo ti rí ọmọ ìyá méjì tí wọn kì í kíra wọn mọ́ nítorí àkáǹtì tí wọn ò jọ ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ rí.

Ọ̀nà tó tọ́ wà. Ẹ lè kọ̀wé sí báńkì pé kí wọ́n fi ẹnì kan kún àwọn tó lè buwọ́ lù fún àkáǹtì náà, kí ẹ sì dá iye tó lè gbà sí i. Ẹ lè ṣí àkáǹtì alájọṣe, kí ẹ sọ bóyá ẹnì kan lè dá buwọ́ lù tàbí ó di ẹni méjèèjì. Bí ọ̀rọ̀ bá ju owó lọ, bó bá kan ilẹ̀ tàbí ẹjọ́, kí lọ́yà kọ ìwé agbára, Power of Attorney. Ẹ buwọ́ lù ú níwájú notary tàbí ní ẹ́ḿbásì Nàìjíríà níbi tí ẹ wà, kí ẹ fi ojúlówó rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Kó sọ ohun tí ẹni yẹn lè ṣe ní pàtó, kó sì sọ ọjọ́ tí yóò parí.

Èyí tí èmi fara mọ́ jù ni kí a ya àkáǹtì sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ilé, lórúkọ ẹni tó ń ṣe é. Ẹ fi owó ọ̀sẹ̀ tàbí ti oṣù sí i, kó fi rìsíìtì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ti yín wà lọ́wọ́ yín.

Àkáǹtì tí mi ò lò mọ́ látọjọ́ pípẹ́ ńkọ́?

Bí ọdún kan bá kọjá tí ẹ̀yin fúnra yín kò fi owó sí i, tí ẹ kò sì yọ níbẹ̀, wọ́n á ní ó ti sùn. Bó bá pé ọdún mẹ́wàá, ìlànà tí CBN tún ṣe ní ọdún 2024 ní kí báńkì kó owó inú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ CBN. Kò sọnù; ẹ lè gbà á padà nípasẹ̀ báńkì yín bí ẹ bá fi ẹ̀rí hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Àmọ́ kí ló dé tí a ó fi jẹ́ kó débẹ̀? Tíránsífà kékeré lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù díẹ̀ tó láti jẹ́ kó wà láàyè.

Bí mo bá fi dọ́là ránṣẹ́, kí ló dé tó jẹ́ náírà ni wọ́n ń san fún ìyá mi?

Ìlànà CBN ti oṣù kìíní ọdún 2024 ni: owó tí ilé iṣẹ́ ìfowóránṣẹ́ bá mú wọlé, náírà ni kí wọ́n fi san án. Ẹni tó bá fẹ́ kí dọ́là rẹ̀ wà ní dọ́là lè béèrè nípa àkáǹtì tí CBN kéde ní oṣù kìíní ọdún 2025 fún àwa tó wà lẹ́yìn odi, èyí tí wọ́n pè ní Non-Resident Nigerian Ordinary Account.

Owó kúrò lọ́dọ̀ mi, kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí.

Ẹ wá session ID, nọ́ńbà gígùn tó ní 30 ẹyọ tó wà lára rìsíìtì tíránsífà náà. Báńkì tó gbowó lè fi í wá owó náà. Àwòrán àlẹ́ẹ̀tì nìkan ò tó. Ẹ fi ránṣẹ́ sí báńkì yín, kí ẹni tí ẹ ń fowó ránṣẹ́ sí náà gbé e lọ sí báńkì tirẹ̀. Ẹ má tún owó náà fi ránṣẹ́ kí ẹ tó gbọ́ èsì.

Mo pe nọ́ńbà wọn láti ibí, kò lọ. Lẹ́yìn náà ẹnì kan pè mí, ó ní òun ti báńkì pè.

Nọ́ńbà tó bá fi 0700 bẹ̀rẹ̀ kì í sábà lọ láti òkè òkun. Ẹ wá èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +234 lójú òpó báńkì fúnra rẹ̀. Nàìjíríà kì í yí aago padà, nítorí náà, wákàtí tó wà láàárín yín àti wọn lè yí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Ẹni tó pè yín yẹn, ẹ pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn olè mọ̀ pé ara ń ni ẹni tó ti ń wá báńkì kiri, wọ́n sì máa ń dá sí ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá kọ sábẹ́ ojú ewé báńkì lórí Facebook. Báńkì kì í béèrè OTP, PIN, tàbí nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì.

Bí báńkì bá kógbá sílé ńkọ́?

Àjọ NDIC, tó ń dáàbò bo owó tí a fi sí báńkì, ń san tó ₦5 mílíọ̀nù fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní báńkì ńlá. ₦500,000 ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2024. Nígbà tí CBN gba ìwé àṣẹ Heritage Bank ní oṣù kẹfà ọdún náà, BVN ni NDIC fi wá àkáǹtì mìíràn tí àwọn èèyàn ní, tí wọ́n sì fi owó wọn sí i. Ẹni tí kò ní BVN dúró pẹ́ jù wọ́n lọ. Ìdí mìíràn nìyẹn tí kò fi yẹ ká fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Mo ti kọ, mo ti pè, kò sí èsì. Ta ni kí n fẹjọ́ sùn?

Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn náà ránṣẹ́ sí báńkì fúnra wọn, kí ẹ gba nọ́ńbà tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn ò yanjú rẹ̀, ẹ lè kọ̀wé sí ẹ̀ka ààbò oníbàárà ní CBN, cpd@cbn.gov.ng. CBN ní ẹ̀ka ní Òṣogbo, nítorí náà ẹbí yín lè gbé ìwé lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì gba òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwé náà kúrú: orúkọ, nọ́ńbà àkáǹtì, ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tí ẹ ti kọ̀wé sí báńkì, nọ́ńbà ẹ̀sùn yín, àti ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ẹ má kọ èébú síbẹ̀, bó ti wù kí inú bí yín tó. Ẹni tó máa kà á ò mọ ohun tí ojú yín ti rí. Ọjọ́ àti nọ́ńbà ló máa sọ ọ́ fún un.

Bàbá mi ti kú, owó rẹ̀ wà ní báńkì ní Òṣogbo, èmi sì ni next of kin. Kí ló dé tí wọn ò fún mi?

Torí pé next of kin kì í ṣe ajogún. Ẹni tí báńkì máa ránṣẹ́ sí bí nǹkan bá ṣe oníbàárà ni. Ọ̀pọ̀ ilé ló ti dàrú lórí èyí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí fọ́ọ̀mù rò pé òun ni bàbá yàn, àwọn ọmọ yòókù sì rò pé ó fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé ogún. Ẹ tètè là á yé gbogbo ẹbí kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

Bí bàbá kò bá kọ ìwé ìhágún, ohun tí báńkì ń retí ni Letters of Administration, ìwé àṣẹ láti bójú tó dúkìá olóògbé, láti ẹ̀ka probate tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogún ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹbí á fẹnu kò sí àwọn tó máa bójú tó dúkìá náà. Ní ilé olórogún, ó dára kí ẹnì kan wà níbẹ̀ láti ìdí igi kọ̀ọ̀kan. Ilé ẹjọ́ á fún wọn ní fọ́ọ̀mù tí báńkì máa kọ iye owó tó kù sí. Wọ́n á ní kí ẹbí mú oníduro wá, ìjọba á sì gba owó tiwọn lórí iye dúkìá náà. Ẹni tó wà lókè òkun lè wà lára àwọn tí wọ́n yàn. Ẹ bi lọ́yà èyí tí ẹ lè buwọ́ lù níwájú notary, kí ẹ má báa wálé lásán.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ATM olóògbé yọ owó, kódà fún ìsìnkú. Kí ẹ dáwó jọ, kí ẹ kọ ohun tí oníkálùkù dá sílẹ̀, kí wọ́n sì san án padà fún un nígbà tí owó bàbá bá jáde.